Aago 12 Ọ̀sán: Bí Mo Ṣe Ń Tò Ọjọ́ Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé ní Àjàṣẹ́

Mo bí ọmọ mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń lọ ilé-ìwé ìjọba kan tí kò jìnnà sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Àkọ́bí wà ní CM1, èyí tó tẹ̀lé e wà ní CE1, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ CI. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á láti apá Nàìjíríà: kíláàsì mẹ́fà ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tiwa, CI, CP, CE1, CE2, CM1, CM2, ìdánwò CEP ni wọ́n sì fi ń jáde. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti ń wá ọkọ̀ lọ, ìgbà tó bá máa fi dé, méjì nínú wọn ti ń hanrun. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ọ̀rọ̀ náà láàárín ọ̀sẹ̀, ọdún karùn-ún sì rèé. Ọdún méjì àkọ́kọ́, ariwo àti ẹkún la fi gbà á. Bí mo ṣe wá ń ṣe é báyìí ni mo fẹ́ tò síbí.

Ẹ ti ọ̀sán bẹ̀rẹ̀

Bí àwọn ìyá bá ń ráhùn nípa ilé-ìwé, àárọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: ọmọ ò tètè jí, kò rí bàtà rẹ̀, kò jẹun. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjọ́ àwọn ọmọ mi ṣe rí. Aago 8 ni wọ́n ń wọlé, aago 12 ni wọ́n ń jáde. Wọ́n á tún wọlé ní aago 3, wọ́n á jáde ní aago 5. Wákàtí mẹ́ta gbáko ló wà láàárín, nígbà tí oòrùn mú jù, ọmọ ọdún mẹ́fà sì gbọ́dọ̀ padà lọ jókòó sí kíláàsì lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní CP, olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ọmọ náà ń sùn lórí tábìlì lọ́sàn-án, kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ra oògùn aràn, mo ra oògùn ẹ̀jẹ̀, mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn aládùúgbò, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Lọ́jọ́ kan, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ dúró síbi tí kò ti lè rí mi. Bí wọ́n ṣe jáde ní aago 12, bọ́ọ̀lù ni. Nínú iyanrìn, pẹ̀lú kakí, aṣọ ilé-ìwé, lọ́rùn, títí di nǹkan bí aago 1 àbọ̀. Ó sáré wá jẹun, ó sáré padà. Ta ni kò ní sùn?

Àtìgbà náà, bí aago 12 ṣe ń rí nílé wa nìyí.

Oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ọbẹ̀ ni mò ń sè lálẹ́ ọjọ́ Sátidé àti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ọ̀sán, gbígbóná nìkan ló kù. Ẹ̀wà pẹ̀lú gààrì àti epo díẹ̀ ló rọrùn jù, wọn kì í sì í kọ̀ ọ́. Ẹ̀kọ tútù pẹ̀lú ẹja díndín àti ata lílọ̀ náà dára nígbà ooru. Bí owó ẹja kò bá sí, mo máa ń ra wàrà Fúlàní, mo máa ń bọ̀ ọ́ kí n tó gé e wẹ́wẹ́ din. Ọkà èlùbọ́ ni mi ò fẹ́ràn láti fún wọn lọ́sàn-án. Ó máa ń kun ọmọ lóorun, ẹni tó yẹ kó sùn wákàtí kan á sun mẹ́ta. Mo ń fi í pamọ́ di alẹ́.

Bí wọ́n ṣe wọlé, kakí kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó lọ sórí ìṣó. Kí oúnjẹ tó kan ẹnu ni o, nítorí wọ́n ṣì máa wọ̀ ọ́ ní aago 3, epo pupa kì í sì í jáde lára kakí. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ. Títí ọdún tó kọjá, mo gbà kí wọ́n máa wo tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe ń jẹun. Àwo á wà nílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, ìrẹsì á ti gan. Mo pa á.

Aago 1 àbọ̀, ẹní ti tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Oorun ọ̀sán kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ. Bí ẹ bá jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i ní aago 9 alẹ́ tí ojú rẹ̀ á ṣì mọ́ kedere. Àkọ́bí mi sọ pé òun ti dàgbà, òun ò sùn lọ́sàn-án mọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀, kó sì panu mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, òun ló máa ń kọ́kọ́ sùn.

Aago 2 àbọ̀, omi tútù sójú, kakí, bàtà, wọ́n ti jáde.

Ìyá ọkọ mi àti èmi kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan: ó fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀sán ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kó lè tètè kúrò nílẹ̀. Ẹ má ṣe é. Ọmọ tó ti kọ̀wé fún wákàtí mẹ́rin, tó tún fẹ́ kọ̀wé fún wákàtí méjì sí i, ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ sinmi láàárín. Mo sọ fún Màmá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo kúnlẹ̀ sọ ọ́ pàápàá. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Bí wọ́n bá wá kí wa, wọ́n á ṣì máa bi àwọn ọmọ nípa káyé, ìwé tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́, lórí oúnjẹ.

Bí ẹ kò bá lè wà nílé lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà. Ìjọba ti ń se oúnjẹ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2017. Ẹ béèrè bóyá tiyín wà nínú rẹ̀. Àmọ́ oúnjẹ nìkan ló yanjú, ibi tí ọmọ máa sùn sí ṣì kù. Ẹ wá aládùúgbò kan tí ó ti ní ọmọ ní ilé-ìwé kan náà, kí ẹ jọ sọ iye owó, kí ẹ fún un ní ẹní àti oúnjẹ. Ẹ má fi ojú “ọ̀rẹ́ mi ni” ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó bá di oṣù kejì, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, ọmọ yín ló máa gbà á.

Láti aago 5 títí ilẹ̀ fi ṣú

Wọ́n dé, ebi ń pa wọ́n. Àkàrà méjì tàbí yovodókò (ó dà bíi puff-puff), omi, wọ́n ti jáde lọ ṣeré. Ẹ fún wọn ní wákàtí kan, kí ẹ má ṣe ṣírò rẹ̀ mọ́ wọn lójú. Tí mo bá pè wọ́n ní aago 6 kọjá díẹ̀, káyé ti wà lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Àbíkẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, nítorí òun ni oorun máa kọ́kọ́ gbé. Ogún ìṣẹ́jú fún un tó. Èyí àárín nílò ìdajì wákàtí. Àkọ́bí lè fi wákàtí kan ṣe é, ó sì lè jókòó nìkan. Ohun tí mo ń bi í ni pé kó fi ohun tó parí hàn mí.

Bí ẹ kò bá gbọ́ Faransé

Èmi alára dúró ní CM2. Aládùúgbò mi tó ń ta ẹ̀kọ kò wọ ilé-ìwé rí, ọmọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń ṣe dáadáa jù ní kíláàsì wọn. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ apá tó pọ̀ jù nínú èyí, nítorí ojúṣe ẹni tí kò gbọ́ Faransé ni láti ṣọ́ bí ọmọ ṣe ń kàwé, kò sì nílò èdè fún un.

Ẹ ní kí ọmọ fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń kà á. Ẹ má wo ẹnu rẹ̀, ìka ni kí ẹ máa wò. Bí ẹnu bá ti dé ìparí ìlà tí ìka ṣì wà láàárín, ọmọ náà kò kàwé. Orin ló ń kọ. Àwọn ọmọ CI àti CP mọ èyí ṣe gan-an. Olùkọ́ á kà, wọ́n á jọ gbà á, wọ́n á gbà á títí á fi wọ orí, wọ́n á wá kà á fún ẹ láìwo ìwé. Ìyá á dunnú, á ní ọmọ òun ti mọ̀wé.

Bí ẹ bá fura, ẹ fi ọwọ́ bo ìlà àkọ́kọ́ àti ìkejì, kí ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹta. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á kà á, bó tiẹ̀ lọ́ra. Ẹni tó há a sórí á ní kí ẹ jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ má nà án. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí ẹ ní kó pín in sí wẹ́wẹ́, ba, be, bi, bo, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lálẹ́ kan tó.

Lẹ́yìn kíkà, ẹ bi í ní Yorùbá: “Kí ni wọ́n sọ níbẹ̀?” Ó gbọ́dọ̀ lè sọ fún yín pé ọmọkùnrin kan lọ sí odò, ajá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ kọ ojú ìwé náà sórí pépà kékeré kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́.

Síléètì wà fún títẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́ ọwọ́. Ọmọ wo ọ̀rọ̀ kan nínú káyé rẹ̀, ó pa káyé dé, ó kọ ọ́ sí síléètì, ó ṣí káyé, ó fi méjèèjì wéra. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rí àṣìṣe rẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ni láti rí i pé kò yọjú wo káyé kó tó kọ.

Ẹ máa wo bíìkì pupa, báírò tí olùkọ́ fi ń ṣàtúnṣe. Ibi tí olùkọ́ kọ “Vu” sí, ó túmọ̀ sí pé ó ti rí i. Ibi tí nǹkan bí 4/10 wà, ẹ béèrè. Ibi tí ojú ìwé mẹ́ta kò ti ní bíìkì pupa rárá, ẹ lọ kí olùkọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kíláàsì rẹ̀ lè kún débi tí kò fi ráyè.

Àti ọ̀rọ̀ èdè fúnra rẹ̀. Ní ilé-ìwé tí èmi lọ, wọ́n máa ń so nǹkan tí à ń pè ní “sìnyáàlì” mọ́ ọrùn ẹni tó bá sọ Yorùbá tàbí Gùn, a ó sì máa gbé e kiri títí a ó fi rí ẹlòmíràn tó ṣẹ̀ ká tó gbé e fún un. Mo gbé e fún ọjọ́ méjì nítorí pé mo sọ “ẹ jọ̀ọ́”. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá kan fi ń fipá sọ Faransé tí kò dán mọ́rán fún ọmọ nílé. Èmi kò ṣe é. Yorùbá la ń sọ nílé, Gùn ni wọ́n ń gbọ́ ládùúgbò, Faransé wà fún ilé-ìwé. Ọmọ tó lè ròyìn, tó lè bi ìbéèrè, tó lè pa àlọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní èdè kan, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀. Ó kù kó kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun.

Ìṣírò, àti ìjà láàárín àrúndínlọ́gọ́rin àti soixante-quinze

Èyí ló gba àkókò mi jù lọ́dún tó kọjá, ó sì dùn mọ́ mi. Èyí àárín ń ṣi 70 sí 99 kọ lójoojúmọ́. Wọ́n á pè é ní soixante-quinze, á kọ 65. Mo rò pé kò fetí sílẹ̀, títí mo fi jókòó tì í.

Ẹ wò ó. Ní Faransé, 75 jẹ́ ọgọ́ta àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: a fi kún un. Ní Yorùbá, àrúndínlọ́gọ́rin ni: márùn-ún dín ní ọgọ́rin, a yọ kúrò. Ọmọ tó ti ń ra nǹkan ní ọjà ní Yorùbá ń ti òkè bọ̀ sísàlẹ̀, olùkọ́ ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọ́n sì pàdé ara wọn lójú ọ̀nà. 17 náà bẹ́ẹ̀: ẹẹ́tàdínlógún lọ́dọ̀ wa, mẹ́wàá àti méje lọ́dọ̀ wọn. 90 jẹ́ ogún mẹ́rin àti mẹ́wàá ní Faransé. Àádọ́rùn-ún tiwa jẹ́ mẹ́wàá dín ní ọgọ́rùn-ún.

Ibi kan wà tí àwọn méjèèjì ti fọwọ́ bọ ọwọ́: 80. Quatre-vingts ni ogún mẹ́rin, ọgọ́rin náà ni ogún mẹ́rin. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo kó ìdérí ìgò ọgọ́rin jọ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a kó wọn sí ogún-ogún lórí ilẹ̀. Òkìtì mẹ́rin, ọgọ́rin, quatre-vingts. Ó rẹ́rìn-ín, nítorí ó gbọ́ pé ohun kan náà ni. Lẹ́yìn náà, a yọ márùn-ún kúrò nínú òkìtì kẹrin: àrúndínlọ́gọ́rin. Lẹ́yìn náà, mo ní kó ka òkìtì mẹ́ta, ọgọ́ta, kó wá ka ìyókù: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdérí kan náà, ọ̀nà méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe é, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́, ó sì tán.

Ọ̀sán Ọjọ́rú, tí kò sí ilé-ìwé lọ́dọ̀ tiwa, mo ń fi ọjà dán wọn wò. Mo fún èyí àárín ní 500 sẹ́fà, mo ní kó ra iyọ̀ àti tòmátì 175. Kó tó jáde, ó gbọ́dọ̀ sọ iye tó máa mú bọ̀. Bó bá sọ 325, ó lè fi 25 ra kúlíkúlí. Bí kò bá sọ ọ́, a ó jókòó pẹ̀lú ìdérí ìgò.

Alẹ́, tó ń ṣe iṣẹ́ àárọ̀

Àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà sọ pé ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Aago 6 ni wọ́n ń jí nílé wa, nítorí náà aago 8 ni àbíkẹ́yìn ti wà lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ aago 9. Kí wọ́n tó sùn, báàgì á wà lẹ́nu ọ̀nà, kakí á wà lórí ìṣó, bàtà méjèèjì á wà pa pọ̀. Bàtà òsì tó sọnù ló ti bá àárọ̀ wa jẹ́ ju ohunkóhun lọ.

Nítorí ìyẹn, àárọ̀ kò ní ìtàn. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á mu ògì gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, wọ́n á jáde ní aago 7 kọjá ogún ìṣẹ́jú. Owó ìṣeré aago 10, 100 sẹ́fà fún àwọn ẹ̀gbọ́n, 50 fún àbúrò, mo ń so ó mọ́ etí áńkáṣíìfù.

Bí ilé-ìwé bá jìnnà tí ẹ fi ń lo kẹ̀kẹ́nọ̀, ọlọ́kadà tí àwọn ará Kútọnu ń pè ní zémìjàn, ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ mọ ilé rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó gbé ọmọ sórí táńkì níwájú, bó ti wù kó sọ pé “màmá, kò séwu”. Kí ẹ sì fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan. Lọ́dún tó kọjá, kẹ̀kẹ́nọ̀ wa ṣàìsàn, ó rán àbúrò rẹ̀ wá láìsọ fún mi. Èyí àárín bi í ní ọ̀rọ̀ náà, kò mọ̀ ọ́n, ọmọ náà padà sínú ọgbà ilé-ìwé, ó jókòó títí mo fi dé. Ọkùnrin yẹn bínú. Mo bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn dé eegun.

Owó, olùkọ́, àti ara gbígbóná

Láti ọdún 2006, a kì í sanwó ìkẹ́kọ̀ọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Káyé, kakí, báàgì àti owó ẹgbẹ́ òbí ṣì wà o, fún ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àárín oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sábà máa ń wọlé, nítorí náà láti oṣù karùn-ún ni mo ti ń dá àjọ tí mo máa kó ní oṣù kẹjọ.

Ẹ lọ kí olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wàhálà kankan tó wà. “Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Èmi ni ìyá ọmọ yín tó jókòó síbẹ̀ yẹn.” Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tó ń gba káyé, kí ẹ sì fún un ní nọ́ńbà yín. Bí ó bá na ọmọ yín tí ẹ̀yin kò fẹ́, ẹ sọ fún un, ṣùgbọ́n kí ọmọ má wà níbẹ̀.

Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ibà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi Parasítámọ́ọ̀lù tì í lọ sí kíláàsì. Bó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí wọ́n fi ọwọ́ gé orí rẹ̀, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ẹ yẹ ìwé ìbí wò kí CM2 tó dé

Ìwé ìbí ni wọ́n fi ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún CEP. Ọ̀pọ̀ òbí kì í wò ó títí di ọdún ìdánwò, ìgbà náà ni wọ́n á rí i pé orúkọ kò bára mu. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wa níbí: ṣ di ch, u di ou. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Adéṣínà ni: ó lè jẹ́ Adéchina lórí ìwé ìbí, Adésina lórí ìwé ilé-ìwé, Adétchina lórí káádì ìlera. Ènìyàn kan náà, orúkọ mẹ́ta. Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá wà ní CE2, kí ẹ fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe ń kàwé. Èyí tí kò bá bá ìwé ìbí mu, kí ilé-ìwé tún un kọ. Ti àkọ́bí mi gba ìlọ mẹ́rin sí ọ́fíìsì kan àti ọjọ́ kan tí mi ò ránṣọ rárá. Ó wà nínú ọ̀rá báyìí, lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀dà méjì.